Awùsá Mẹ́wàá Pẹ̀lú Èènì

Ọjọ́ tí mo sọ ara mi di tíṣà ní Òkà ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ yàtọ̀, irọ́ ló ń pa. Pírámárì fáìfù ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjà Ìkàrẹ́, èmi ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ka awùsá. Mo lè ka igba kí ẹlòmíì tó rí ibi jókòó sí.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ di tíṣà. Kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé kan ní Òkà. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé-ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní ìyá ọ̀gá, fẹ́ wá wò ó níbi tó ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò, kó lè mọ̀ bóyá kó máa bá a lọ ni àbí kó máa lọ sílé. Àyà ọmọ ń já. Mo ní, "Ìṣirò lásán? Mo ń bọ̀." Mo gbé àpò awùsá sísè, mo gun ọ̀kadà.

Bí mo ṣe dé kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n pe ọmọ mi sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Bàbá, ẹ kàn bá mi wo àwọn ọmọ yìí o. Ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan."

Ẹ gbọ́ o! Èmi!

Mo ní kí oníkálukú wá gba awùsá mẹ́wàá. Bí a ṣe ń kà á lọ́jà ni mo ṣe kà á: mẹ́wàá pé, mo ju ẹyọ kan lé e. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ti ká eyín iwájú gbójú sókè.

"Sà, mọ́kànlá ni."

"Ta ló ń tà á, èmi àbí ìwọ? Mẹ́wàá ni!"

Gbogbo kíláàsì pariwo, "Mẹ́wàá ni, sà!" Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Mo gbàgbé láti sọ fún wọn pé ẹni tó bá jẹ awùsá kì í mu omi lé e. Wọ́n sáré sídìí kẹ́ẹ̀gì omi méjì tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ẹnu korò! Àwọn kan ń tutọ́, àwọn kan ń ké "Màámi o!", èèpo awùsá kún ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá ọ̀gá bá wa, ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lẹ kọ́ lónìí?" ni ìyá ọ̀gá bi àwọn ọmọ.

Ọmọ tí kò léyín iwájú yẹn ò tíì jẹ tirẹ̀. Ó tò ó sílẹ̀, omijé dé ojú rẹ̀. "Mẹ́wàá ni, mà."

Ọmọ mi kúnlẹ̀ tì í. "Ìwọ fúnra rẹ, mélòó lo kà?"

Èmi ni ọmọ náà ń wò. Mo sọ fún un pé, "Ìyá mi, òótọ́ lo sọ. Mọ́kànlá ni. Èmi ni mo fi èènì sí i."

"Ó dáa," ni ọmọ mi wí, "tí a bá yọ èènì bàbá kúrò ńkọ́?"

Ọmọ náà mú ẹyọ kan kúrò, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ku mẹ́wàá!"

Ìyá ọ̀gá ní, "Àǹtí, máa bọ̀ lọ́la. Bàbá, ẹ̀yin ẹ jókòó sí Ìkàrẹ́."

Ọmọ mi sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ohun tóun ń kọ́ níbẹ̀ ni pé kí tíṣà kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rín ara mi ṣì ń pa mí.

Ohun tó ṣòfò: àpò awùsá kan, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ìgbálẹ̀ kan tó tú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń gbá èèpo, àti gbogbo ìyangàn tí mo gbé lọ sí Òkà.