Tíṣà Tó Sọ Kọ̀ǹpútà Télọ̀ Di Ti Àtijọ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí mo bá ní n kò rẹ́rìn-ín, irọ́ ni mo pa. Télọ̀ kan ló pe ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò, lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, mo ya aṣọ ìyàwó kan sínú kọ̀ǹpútà ilé wa. Ọkọ mi dí kọ̀ǹpútà náà pa, gbogbo iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀la ni wọ́n sì máa wọ̀ ọ́!"

Kábíyèsí yán. "Aṣọ ta ni?"

"Ti ọmọ yín ni, Kábíyèsí."

Oorun dá lójú Kábíyèsí. Ó kọjú sí ọkọ. "Kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, n ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni mo lò."

"Níbo ló wà?"

"Inú tirẹ̀ ni. Kò sí ní ti gidi. Tuntun ló ń ṣe bíi ti àtijọ́."

"Ohun tí kò sí ló wá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́?"

"Ẹ ṣeun, Kábíyèsí. Ó ti yé yín."

Àwọn olóyè wo ara wọn lójú.

"Kí lo ń fi ṣe gan-an?"

"Mo fẹ́ kó kọ orúkọ ìyàwó mi, kí inú rẹ̀ lè dùn. Àmọ́ èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà le. Tẹ́ ẹ bá ní 'kọ orúkọ,' kò gbọ́. Ẹ ó ní: mú lẹ́tà kan, gbé e síbí, mú òmíràn, títí dìgbà tẹ́ ẹ máa ní 'dúró'. Dúró yẹn ni mo gbàgbé."

"Orúkọ mi kún ojú ẹ̀rọ bámúbámú," ni ìyàwó figbe ta, "ló bá gan!"

Ọ̀rẹ́ ọkọ, tó ń tún rédíò ṣe, jẹ́rìí. "Iṣẹ́ náà dáa, Kábíyèsí. Ìṣojú mi ló ti parí."

"Ìgbà wo ló parí?"

"Kò parí títí tá a fi pa kọ̀ǹpútà."

Ìyá ọkọ náà dìde. "Ọmọ mi ò tiẹ̀ débẹ̀ rárá! Mo jókòó tì í ni."

"Níbo, Ìyá?"

"Nídìí kọ̀ǹpútà."

Kábíyèsí dá ẹjọ́. "Tíṣà, láti ìsinsìnyí, ìwọ ni kọ̀ǹpútà. Ìyàwó rẹ á máa darí aṣọ, ìwọ á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó bá ní kó o ṣe nìkan ni kó o ṣe. O ò gbọdọ̀ sinmi àfi tó bá ní 'dúró.'"

Lónìí, aṣọ náà bá ọmọ Kábíyèsí mu rẹ́gí. Mo rí télọ̀ níbi ìgbéyàwó, ó ń jó.

"Bàbá ilé ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ó ń yí ẹ̀rọ."

"Ṣé aṣọ ò tíì tán ni?"

"Ó ti tán láti àárọ̀. Dúró yẹn ni mo gbàgbé."