Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Mo Ṣe fún Ẹni Tí Kì Í Ṣe Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú, ọjọ́ kejì Iléyá tí mo lọ gbafẹ́ ní erékùṣù, tí mo wá fi gbogbo ìgbafẹ́ náà fa okùn. Ìgbà yẹn ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ yìí. Ní Ìkọ̀tún tí mo ti ń ránṣọ, àwọn oníbàárà ń to aṣọ jọ síwájú máṣíìnì mi débi pé mi ò rí ojú títì mọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Odò tó tóbi jù tí mo mọ̀ títí di ọjọ́ náà, mo lè fẹsẹ̀ rìn ín kọjá.

Sìdí ni ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé, tí wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì, mo sì ti ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí gbogbo télọ̀ Ìkọ̀tún lè lò lọ. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Erékùṣù kan ni wọ́n ń gbé, níbi tí àwọn ará Èkó máa ń lọ ṣeré lọ́jọ́ ọdún. Sìdí fẹ́ lọ bá wọn ṣọdún, ó wá ní kí n wá lọ́jọ́ kejì láti tọrọ òun, kí àwa méjèèjì lè gbafẹ́ létí òkun lẹ́yìn náà.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ o, bọ̀dá," ó kìlọ̀ fún mi. "Bàbá mi kì í dá ọjọ́ fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, títí dòní wọn ò jẹ́ kó wọlé."

"Báwo ni màá ṣe mọ ilé?"

"Ilé tí wọ́n fi páànù bò. Àwa nìkan la ní páànù níbẹ̀. Imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo gbogbo ìyókù."

Mi ò béèrè orúkọ bàbá. Ta ló máa ń béèrè orúkọ àgbà? Sìdí fúnra rẹ̀ kò jẹ́ pe orúkọ bàbá rẹ̀ sókè. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá mi.

Mo ra iṣu mẹ́wàá ní Ṣáṣá, mo ra páálí bisikíìtì kan. Mo rán ṣòkòtò bóńgò tuntun fún ara mi, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé adìyẹ lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, mo wá wọ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo di iṣu mú, mo ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Súrà tán kí a tó dé. Mo ti padà sórí Fátíhà nígbà karùn-ún kí n tó rí iyanrìn.

Àwọn olọ́dún kún erékùṣù fọ́fọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń ké lábẹ́ igi àgbọn, àwọn ọmọdé ń bomi síra wọn lára. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, bàtà ọ̀tún bọ́ sómi, omi gbé e lọ. Mo fi èkejì há abíyá. Mo gbójú sókè, mo rí páànù tó ń dán, bàbá kan tó dé fìlà sì jókòó síwájú ilé náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ti délé àna! Ohun tí èmi àti Sìdí ò mọ̀ nígbà tó ń júwe ilé fún mi ni pé láàárín oṣù mẹ́rin tí kò tíì fi wálé, owó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, òun náà sì ti ra páànù.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iyanrìn wọ mí lẹ́nu.

"Ẹ kú ọdún o, sà!"

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"O káre. Àwọn ọmọ mi ti lọ ṣọdún ní Èkó, àwọ̀n sì wà nínú omi. Bọ́ ẹ̀wù rẹ, ọmọ mi."

Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Oko la máa ń bá wọn ro. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, àwọn wọ̀nyí ò lóko, àwọ̀n ni oko tiwọn. Inú mi dùn gan-an, nítorí àna tó bá fún èèyàn níṣẹ́ kò tíì kọ̀ ọ́. Mo gbé iṣu fún ìyàwó bàbá, mo ká bóńgò sókè, ó di ìdí okùn àwọ̀n.

Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn bí wọ́n bá ń fa àwọ̀n. Iwájú ni èmi ń lọ. Ìgbì gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú; nígbà tí mo dìde, ṣòkòtò ti ya láti orúnkún dé ìdí. Àwọn olọ́dún pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi, télọ̀!

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ràfíù ló dúró tì mí lórí okùn, aládùúgbò tó wá ran oníàwọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn le. Mo ní ṣé kò sí.

"Ọmọkùnrin kan ló bí mi nínú," wọ́n dáhùn. "Ó ní òun ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi lónìí. Mo jókòó títí, mi ò rí i. Ìgbà tí jíjókòó sú mi ni mo wá síbí."

Àánú wọn ṣe mí. "Bàbá, ẹ lé e dànù jàre! Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti dé láti ọ̀sán. Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni."

"O rò bẹ́ẹ̀?"

"Bó bá dé, ẹ má fún un lómi mu pàápàá."

Wọ́n mi orí. "Òótọ́ lo sọ. Mo ti pinnu."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, ẹja ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Bẹ́ẹ̀ ni Sìdí yọ, ó gbé igbá omi dání, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún Bàbá Ràfíù. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí mi.

"Bọ̀dá! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá wa ni." Mo nawọ́ sí bàbá onífìlà.

"Bàbá Wàhábì nìyẹn! Bàbá wa rèé!"

Ẹni tó ń mumi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Sìdí nawọ́ sí. Ràfíù ni àkọ́bí wọn. Ta ni yóò pè wọ́n ní Bàbá Sìdí? Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹja.

"Ìwọ lo ní kí n má fún un lómi mu," Bàbá Ràfíù sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Bàbá Wàhábì dé, ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn náà. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló ṣèlérí pé òun yóò rán alágbàṣe wá, pé ó tiẹ̀ ya àwọn lẹ́nu pé alágbàṣe gbé iṣu mẹ́wàá wá, ìyàwó àwọn sì ti ń gún mẹ́rin nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ràfíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Sìdí ń wo bàbá rẹ̀, èmi ń wo Sìdí. Mo ti fi ẹnu ara mi lé ara mi dànù.

Bàbá wo ṣòkòtò mi tó ya, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi tí okùn ti bó. Wọ́n na igbá omi sí mi.

"Mu."

Mo mu ún tán.

"Bàbá Wàhábì lo ṣe ọ̀wẹ̀ fún lónìí," wọ́n ní. "Tèmi di ọ̀la."

A jẹ iyán àti ẹja tútù lálẹ́ ọjọ́ náà, Sìdí sì bá mi rán ṣòkòtò. Lọ́jọ́ kejì mo tún fa okùn, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn.

Ọdún ti gorí ọdún kí ọmọkùnrin kan tó wá tọrọ ọmọbìnrin wa ní Ìkọ̀tún. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo ti kọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò ní béèrè. Bó ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo di èjìká rẹ̀ mú. Mo pe orúkọ mi fún un, mo pe ti bàbá mi, mo pe ti ọmọ tó wá tọrọ, mo ní ṣé ilé tó ń wá gan-an nìyí. Ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Sìdí rẹ́rìn-ín ní yàrá títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n tètè fún ọmọ náà lómi mu.