Kéèkì Nínú Ìkòkò Tábà Bàbá

Ọjọ́ tí àwọn ará ìjọ wa ká mi mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí èéfín tábà ń jáde nímú mi, kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé kò ní kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Èmi fúnra mi ti rẹ́rìn-ín sí i títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá tó bí ìyá mi, tí à ń pè ní Màámá, ló wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Mòwé lọ́dún yẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò máa bá wọn pọnmi ní Ìfọ̀ mọ́. Ẹrù Màámá ò pọ̀: aṣọ díẹ̀, tẹ̀súbáà, àti ìkòkò tábà méjì tí wọ́n wé sínú ìborùn. Ọ̀kan jẹ́ igi tó ń dán. Àbúrò ìyá mi ló fi í ránṣẹ́ láti London, pẹ̀lú agolo tábà olóòórùn dídùn kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí agolo yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n ń yan kéèkì nítòsí ni. Ìkejì jẹ́ amọ̀, ó ti dúdú, etí ẹ̀ sì ti ṣá díẹ̀. Ti Bàbá ni, ìyẹn ọkọ Màámá tó ti kú. Tábà dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìfọ̀ nìkan ló máa ń wọ inú ẹ̀.

Màámá sọ fún mi nígbà kan pé, "Tí mo bá kọ́kọ́ fà á láàárọ̀, bí ìgbà tó jókòó tì mí ni. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Mo kàn ń mi orí ni. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹni tó ń ṣí gbogbo fèrèsé tí Màámá bá ti ṣáná. Kí ló kàn mí nínú tábà?

Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, torí náà èmi ni mo máa ń bá wọn di í. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, èmi àti akọrin ẹgbẹ́ mi kan ń jiyàn lórí orin tí a máa kọ lọ́jọ́ Sunday. Mo ṣí agolo London, mo sì di tábà inú ẹ̀ sínú ìkòkò Bàbá. Lójú tèmi, ìkòkò ni ìkòkò ń jẹ́.

Màámá fà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n wo inú ẹ̀.

"Ta ló ń yan kéèkì nínú ọkọ mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dà á nù, kí n di tábà dúdú sí i. Wọ́n tún fà á, wọ́n sì gbé e fún mi. "Mi ò rí i mọ́," ni wọ́n sọ, wọ́n wá kọjú sí ògiri. Mi ò mọ̀ pé tábà olóòórùn yẹn máa ń mu wọ ara amọ̀ ni, tí kì í sì í fẹ́ jáde.

Ojú tì mí. Mo gbé ìkòkò náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọṣẹ ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí. Nígbà tí Màámá fà á, wọ́n ní kéèkì ṣì wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ti fún ọsàn lé e lórí.

Mo bá bi fóònù mi léèrè. Ó ní kí n rọ iyọ̀ sínú ẹ̀, kí n fi ọtí líle rin ín, kí n fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Iyọ̀ wà nílé. Mo mú ìgò kékeré, mo gba ọ̀dọ̀ ìyá alágbo tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń wọn ògógóró fún mi lọ́wọ́, Sístà Bọ́sẹ̀, olórí àwọn akọrin wa, ló dúró sẹ́yìn mi.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. "Ìkòkò ni mo fẹ́ dà á sí, mà."

"O ń fi ògógóró se ọbẹ̀?"

"Rárá, mà. Ìkòkò tábà Màámá ni."

"Màámá ló ń mu ún?"

"Wọn kì í mutí, mà. Torí ọkọ wọn ni."

"Ọkọ wọn tó ti kú?"

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i. Mo gba ìgò mi, mo sá.

Iyọ̀ àti ọtí gbìyànjú lóòótọ́. Ọsàn lọ, kéèkì náà rọra ń lọ. Màámá wá ní ohun tó kù ni kí ẹnì kan máa fa tábà dúdú nínú ẹ̀ léraléra, títí amọ̀ yóò fi gbàgbé. Ikọ́ ń ṣe wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò lè fà á. Wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Bí mo ṣe dérí àpótí lẹ́yìnkùlé nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́rùn, tí ìkòkò Bàbá wà lẹ́nu mi. Èéfín àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́fun. Ìkejì gba imú jáde. Ojú ń yí mi, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ìgbà yẹn gan-an ni Sístà Bọ́sẹ̀ àti àwọn obìnrin ìjọ méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ó wò mí títí. "A wá bá ẹ gbàdúrà nítorí ọtí ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "A ò mọ̀ pé tábà náà wà ńbẹ̀."

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, èéfín ló jáde. Màámá fọ̀pá rìn jáde. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá. Ẹ má bá a wí. Ọkọ mi ló sọnù sínú ìkòkò yẹn, òun là ń wá."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń pàṣẹ pé kí ẹ̀mí bàbá yẹn jáde kúrò nínú ilé yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e," Màámá ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ mú kí àdúrà náà dákẹ́. Màámá gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á díẹ̀, wọ́n di ojú. Gbogbo wa ń wò wọ́n, títí kan Sístà Bọ́sẹ̀.

"Ó wà lọ́ọ̀ọ́kán," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò tíì rí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀."

Èmi ni mo wúkọ́. Mi ò sọ fún wọn.

Wọ́n dá mi dúró nínú ẹgbẹ́ akọrin lẹ́yìn ìyẹn, ìjókòó ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà fún ìgbà díẹ̀, tí mò ń gbọ́ orin tó yẹ kí n bá wọn kọ. Màámá ní ilé ọkọ wọn ni wọ́n fẹ́ wà, wọ́n padà sí Ìfọ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi kú. Nígbà tí àbúrò ìyá mi wálé, ó kó ìkòkò méjèèjì lọ London. Inú ọ̀rá kan náà ló dì wọ́n sí, pẹ̀lú agolo kéèkì. Mo sọ lọ́kàn mi pé kéèkì ti tún dé nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbàdo, mò ń lọ rajà. Bàbá àgbàlagbà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn tábà dúdú sì tẹ̀lé e. Mi ò mọ ìgbà tí mo yà tẹ̀lé e. A kọjá ọjà, a kọjá ojú irin, kó tó yíjú padà.

"Ọmọ mi, ṣé mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?"

"Rárá, sà. Tábà yín ló jọ ti ilé wa."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo Bíbélì tó yọ orí nínú báàgì mi. Ó ní, "O ò wá sọ pé kí n rọra rìn."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ló dọ̀tí, àti pé kéèyàn tó fọ nǹkan àgbàlagbà, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀. Bàbá náà rọra rìn lóòótọ́. Èmi náà sì tẹ̀lé e dé kọ̀rọ̀ ilé ẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, mò ń fa imú.