Ọjọ́ Tí Mo Sọ Sáfà Méjì Di Ìbejì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà tó ìyá tó bí ìyá mi. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ fi inú rere ba iṣẹ́ abẹ ojú àwọn àgbààgbà Ìgbómìnà jẹ́.

Ilé ìwòsàn ojú kékeré kan ní Ọ̀mù-Àrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dókítà ni mí o. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ètò kan wà níkàáwọ́ mi tó dúró láàárín bí alárinà: bí àwọn nọ́ọ̀sì ní Òkè-Onígbìn àti Bàbáńlá bá fi orúkọ aláìsàn ránṣẹ́ láti orí fóònù, òun ni yóò gbà á, tí yóò fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, tí yóò sì jíṣẹ́ fún dókítà. Ẹnikẹ́ni kì í rí i sójú, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ọkọ ò mọ ìyàwó, ìyàwó ò mọ ọkọ.

Wọ́n ra sáfà tuntun méjì fún ètò yìí. Páálí kan náà ni wọ́n bá wá, àwọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì dé. Kí lèèyàn tún ń wò? Mo kọ Táyé sára ọ̀kan, mo kọ Kẹ́hìndé sára èkejì. Ilé ìbejì ni wọ́n ti tọ́ mi, èmi gan-an ni wọ́n bí tẹ̀ lé wọn, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa irú wa. Nílé wa, bí a bá ra bàtà fún Táyé, a gbọ́dọ̀ ra fún Kẹ́hìndé. Bí Kẹ́hìndé bá jẹ ẹyin, Táyé náà á jẹ. Èmi a máa wo ẹyin náà láti òkèèrè.

Ẹni tó ta sáfà fún wa ti kọ fáìlì ìlànà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iṣẹ́ tí kálukú máa ṣe. Táyé ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa gba orúkọ wọlé. Kẹ́hìndé ni kó máa pín nọ́ńbà, kó sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn èèyàn. Nígbà tí mo ṣí fáìlì méjèèjì, mo rí i pé ti Kẹ́hìndé gùn rẹrẹ, ti Táyé ò ju ìlà díẹ̀ lọ. Àánú Táyé ṣe mí. Irú ojúsàájú wo nìyí? Mo fi ẹ̀dà méjèèjì pamọ́, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo wá da ìlànà Kẹ́hìndé kọ sínú Táyé kí wọ́n lè dọ́gba. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, bi mí pé, "Ṣé o ti tò ó tán?"

Mo ní, "Ó ti tò, mà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Ọjọ́ kejì ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń wá, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń padà. Ẹni tí ọwọ́ wọn ò bá kàn, ó di àmọ́dún. Ìyá Àgbà mi láti Òkè-Onígbìn wà lára àwọn tó ń dúró dè wọ́n. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún pátápátá, ti òsì sì ti ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó kọjá, ibà ni kò jẹ́ kó lè wá. Ó ti wá sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ló ni ẹ̀rọ tó ń pe èèyàn, nítorí náà òun ò ní tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé lówùúrọ̀, ọ̀kadà ti kún iwájú géètì, ariwo sì ti sọ. Táyé ti pín nọ́ńbà bó ṣe wù ú, Kẹ́hìndé náà ti pín tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló wọ fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó gba èyí tó pọ̀ gbọ́. Ìyá Àgbà àti Alájì kan láti Bàbáńlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àwọn méjèèjì ni nọ́ńbà kìíní.

"Wàláhì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè," ni Alájì wí. "Mo ti jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jí," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, "ṣé ẹ̀yin lẹ bí ẹni tó ni ẹ̀rọ?"

Mo rọra yí ẹsẹ̀ padà kí n gba ẹ̀yìn wọlé. Ojú ìyá yìí ló bò, etí rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi, mo gbọ́ ìrìn ẹ. Wá sọ fún wọn."

Mo ní mò ń bọ̀, mo sì sá wọlé.

Ti inú ilé tún burú ju ti ìta lọ. Àwọn dókítà ti wọ ibọ̀wọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó ní ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Nọ́ọ̀sì ń tẹ orúkọ wọlé láti géètì, ṣùgbọ́n Táyé tó yẹ kó gbà á ti di apínnọ́ńbà. Wọn ò sì lè pe aláìsàn wọlé ní ṣákálá, torí inú ètò yẹn ni èsì àyẹ̀wò wà, tó ń sọ ojú tí wọ́n máa fọwọ́ kàn.

Dókítà kan bi Mátírọ́ọ̀nù pé, "Ṣé àwọn èèyàn yín ò wá ni?"

Mátírọ́ọ̀nù dìde lọ sójú fèrèsé. Ó kàn fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un.

Mo sáré wọ yàrá sáfà, mo dá ìlànà Táyé padà fún un. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n mo wo Kẹ́hìndé, mo ní a kì í fún ọ̀kan ká má fún èkejì. Mo bá fún òun náà. Báyìí ni àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gba orúkọ, tí kò sẹ́ni tó ń pín nọ́ńbà mọ́. Dókítà jáde wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá Àgbà ní, "Dókítà, mi ò tíì wọlé lẹ́ẹ̀kan."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń ga, ẹ̀rù sì bà mí dé inú egungun: bí ìyá yìí bá padà sílé báyìí, ojú kan tó kù lè bò kí ọdún tó yí po, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á.

Mátírọ́ọ̀nù bá mi níbi tí mo ti ń làágùn. Ó ní, "Kí ló dé tí àwọn méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà?"

"Ìbejì ni wọ́n, mà."

Ó ní, "Ta ló bí wọn?"

Mo nawọ́ sí páálí tí wọ́n bá wá.

Ó ní, "Ìyá ìbejì lèmi náà. Táyé mi ń wa ọkọ̀, Kẹ́hìndé mi ń ránṣọ. Aṣọ kan náà ni mo máa ń rà fún wọn lọ́dún Kérésì. Ṣé kí n wá gbé máṣíìnì ìránṣọ fún awakọ̀ ni?"

Mo dá ìlànà Kẹ́hìndé padà fún Kẹ́hìndé, mo fi Táyé sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà díẹ̀ rẹ̀, mo sì mú ọwọ́ mi kúrò. Láìpẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún níta, nọ́ńbà kan fún ẹnì kan. Alájì ló ṣáájú Ìyá Àgbà. Ó ní, "Alihamudulilahi," ó sì bá Ìyá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀ dání títí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣe ẹni ìkẹyìn tán, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, gbogbo ara mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé sáfà dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń béèrè kí n tó béèrè ẹbí rẹ̀. Ìfẹ́ tí kò wo iṣẹ́ ẹni, ìyọnu ni.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kejì, ó ní mo ti rù, ó ní kí n mú òun lọ wo ẹ̀rọ mi. Ó wo Táyé tó ní okùn kan ṣoṣo lẹ́yìn, ó wo Kẹ́hìndé tí okùn dì mọ́ra bí irun tí wọn ò yà.

Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí lo pè ní ìbejì? Wọn ò jọra rárá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ìyá Àgbà ní kí n rọra, pé ojú kì í ṣe ohun àfiṣeré.