Dírágónì Tìmẹ́hìn Kò Níná

Tìmẹ́hìn kì í parọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tó kàn máa ń ṣe ni pé ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú òótọ́ bí ẹni ń fẹ́ bàlúùnù, títí òótọ́ náà yóò fi bẹ́ mọ́ ọn lójú. Bó bá din ẹyin, á ní òun se adìẹ tó kù díẹ̀ kó dàgbà. Bó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta, á ní òkè Mandara ló ń sún sẹ́yìn fún òun.

Yàrá wa kọjú síra nínú ọgbà kan lẹ́bàá yunifásítì ní Maiduguri. Èmi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò, òun ń ṣiṣẹ́ láàbù ní ọsibítù. Ọmọ Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n bó bá ń ròyìn Ìkìrun fún èèyàn, ẹ ó rò pé abẹ́ Ìkìrun ni Lọ́ńdọ̀nù wà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ìjọba pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní gbogbo ìpínlẹ̀ nítorí ogun Boko Haram. Kò sí ìpè, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kónílé-ó-gbélé ń lé wa wọlé bí adìẹ. Ẹni tí kò bá wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe, páànù òrùlé ni yóò máa kà.

Ibẹ̀ ni káàdì ti bá wa. Dókítà Ọláṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ wa, ló kó o bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà tó lọ lo ìsinmi. Kì í ṣe káàdì wọ́ọ̀tì o! Káàdì ìjà ni. Èèyàn á to ogójì jọ, àtòjọ yẹn là ń pè ní dẹ́ẹ̀kì, á fi bá ẹlòmíràn jà. Àwọn kan jẹ́ ẹranko: eku, alángbá, kìnnìún, dírágónì. Àwọn yòókù jẹ́ iná. Bí o kò bá tíì tẹ́ iná sílẹ̀, ẹranko rẹ kò lè jà. Iná kan ṣoṣo tó fún eku. Dírágónì ń fẹ́ mẹ́fà. Ogún ẹ̀mí ni oníkálukú ní, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, ó ti kú nìyẹn. Kú ti eré ni mo ń wí o. Èyí tí kì í ṣe eré ti pọ̀ tó nígboro.

Ṣọ́ọ̀bù Láwàlì ní àdúgbò Gomari là ń jókòó sí. Láwàlì ń ta wáyà àti gílóòbù. Yorùbá ni, àmọ́ àdúgbò Hausari ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀, Alhaja Kúbúrátù, ń ta àǹkárá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á wò wá, á máa jẹ obì, kò ní sọ nǹkan kan.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Zainudeen, àbúrò Láwàlì, máa ń lọ Kano lọ kó ọjà. Ó rí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń ta irú káàdì wa. Ọjọ́ tí Tìmẹ́hìn gbọ́, inú rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Láti oṣù yìí lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lóṣooṣù! Kò ní lé, kò ní dín. Díẹ̀díẹ̀ ni màá fi tún dẹ́ẹ̀kì mi ṣe. Tó bá fi máa di Kérésì, bí mo bá sín, dẹ́ẹ̀kì yín á wó!"

Kò sí fóònù tó lè fi ṣàpèjúwe ohun tó ń fẹ́, nítorí náà ó kọ ọ́ sínú ìwé fún Zainudeen: ÈYÍ TÓ BÁ TÓBI JÙ. Zainudeen kò mọ nǹkan kan nípa káàdì. Ó ń ka eyín. Ẹranko tí eyín rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ló ń rà, ẹgbẹ̀rún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lóṣù.

Ṣùgbọ́n ogójì ni ogójì ń jẹ́. Bí dírágónì kan bá wọlé, káàdì kan gbọ́dọ̀ jáde. Kí ni Tìmẹ́hìn ń yọ? Ó ń yọ iná. Ó ń yọ eku.

"Tìmẹ́hìn," mo ní fún un, "bí o bá yọ iná tán, kí ni dírágónì máa fi jà?"

"Jayéọlá," ó dá mi lóhùn, ó káàánú mi, "ìwọ olùkọ́ ìṣirò, o ò mọ̀ pé ńlá ju kékeré lọ?"

Ibi tó ti ń wá ibi tó máa da àwọn tó yọ sí ni Alhaja Kúbúrátù ti sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Tìmẹ́hìn, èló ni o fẹ́ ta àwọn eku àti iná yẹn?"

Gbogbo wa yíjú. Tìmẹ́hìn bú sẹ́rìn-ín. "Alhaja! Ẹ fẹ́ fi tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ yín ni? Náírà mẹ́wàá mẹ́wàá!"

"To," Alhaja fi Hausa gbà, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ọgbọ̀n náírà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóṣooṣù nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta á jáde lápò Tìmẹ́hìn, ọgbọ̀n náírà á wọlé, á sì máa rẹ́rìn-ín pé òun rí ọlọ́jà kan fi ìdọ̀tí lu ní jìbìtì. Dókítà ti fi díẹ̀ nínú káàdì rẹ̀ ta Alhaja lọ́rẹ. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí oníbàárà ò sí, ẹ ó rí i tó ń tò wọ́n sórí àǹkárá, tó ń tú wọn, tó ń tún wọn tò.

Oṣù mẹ́fà pé. Iná mẹ́fà péré ló kù nínú dẹ́ẹ̀kì Tìmẹ́hìn. Ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ jọba, ta ni yóò pọnmi? Láwàlì nà án. Tìmẹ́hìn ní atẹ́gùn ló da òun láàmú. Dókítà nà án. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ni, kí ojú má baà ti Dókítà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀. Èmi náà nà án, èmi tí mo fi aṣọ nu imú láàrin eré!

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùnní, nọ́ọ̀sì ọsibítù wọn, yà wá ra gílóòbù. Ẹ̀yin ará, bí Tìmẹ́hìn bá rí Ìbídùnní, ohùn rẹ̀ máa ń ki bí ẹ̀kọ mímu. Ó dìde dúró.

"Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀," ó kéde, "bí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù yìí bá nà mí, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ omi fún mi! Màá ti kẹ́ẹ̀gì omi yí Gomari ká fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko bíi mai ruwa, bí àwọn tó ń ta omi kiri. Ọ̀fẹ́ ni màá pín in!"

Láwàlì ò fẹ́ tẹ́tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ọ̀fẹ́ kì í ṣe tẹ́tẹ́, àánú ni. Ó gbà.

Alhaja bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni, o wí?"

"Ẹnikẹ́ni, Alhaja."

"Títí kan èmi?"

"Háà, Alhaja, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀. Ìyá mi ni yín."

"Ìyá rẹ ni mí," Alhaja ní. "Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Wallahi, mi ò ní pẹ́."

Sátidé dé. Tìmẹ́hìn ti kó dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó fi òwú láàbù yí i ká kí káàdì má baà ká, ó fi téèpù dúdú dè é, ó sì fi wáyà pupa so ó lórí. Mo wo agolo náà. Mo wo ojú rẹ̀.

"Tìmẹ́hìn, ìlú wo lo rò pé a wà?"

"Olówó ló ń mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú ohun olówó," ó ní.

A wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa. Ó gbé agolo lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. Bí kẹ̀kẹ́ bá kó sí kòtò, á pariwo, "Rọra! Rọra!" Awakọ̀ ti ń wo ẹ̀yìn. Òógùn ti ń bọ̀ lórí rẹ̀.

A dé ibi àyẹ̀wò. Ṣọ́jà kan tó ga bí òpó iná tẹ̀ síwájú.

"Wetin dey inside that tin?"

Ẹlòmíràn á ní, "Káàdì ni, sà." Èmi gan-an ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Tìmẹ́hìn ni ṣọ́jà bi í, àyà Tìmẹ́hìn sì ti wú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Oga," ó ní, "if I open this thing, the whole Gomari go shake!"

Ẹ̀yin èèyàn mi!

Mo gbọ́ kà-ká, kà-ká, ìbọn mẹ́rin kọjú sí wa. Ojú mi kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti wólẹ̀. Ìyá alákàrà kan tó wà ní ìkángun títì fi ìkòkò bo orí. Nígbà tí mo máa fi gbé ojú díẹ̀, onímaruwa ti dé òdìkejì títì, ó ń rá, kò tiẹ̀ bèèrè owó rẹ̀. Ọwọ́ Tìmẹ́hìn nìkan ló wà lókè, agolo wà láàrin ọwọ́ méjèèjì bí ife bọ́ọ̀lù.

"Drop am! Small-small!"

Ó gbé e sílẹ̀. Wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ ṣí i. Téèpù lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka rẹ̀. Wáyà jáde. Òwú jáde. Lẹ́yìn náà dírágónì jáde, ọ̀kan, méjì, mẹ́wàá, wọ́n tú dà sílẹ̀ láàrin títì, eyín wọn ń dán nínú oòrùn.

Ṣọ́jà mú ọ̀kan. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Na lizard picture you wan take shake Gomari?"

"Dragon ni, sà," Tìmẹ́hìn ní. Kódà lójú ikú, kò jẹ́ kí wọ́n pe dírágónì òun ní alángbá!

"Oya, frog jump! Make we see how Gomari go shake."

Ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ, ó fò bọ̀, ìgbà ogún. Gomari ò mì o. Ìdodo Tìmẹ́hìn nìkan ló mì.

Ẹsẹ̀ la fi rìn èyí tó kù. Nígbà tí a máa dé, orúnkún rẹ̀ ti funfun fún eruku, ìròyìn sì ti ṣáájú wa wọlé: onímaruwa ti gba ibẹ̀ kọjá. Ìbídùnní wà níbẹ̀, ó fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Alhaja Kúbúrátù ti tẹ́ àǹkárá sórí tábìlì. "Sànnú, ọmọ mi. Ṣé orúnkún ò dùn ọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, Alhaja."

Tìmẹ́hìn ṣí káàdì méje àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo yọjú láti ẹ̀yìn. Dírágónì, dírágónì, kìnnìún olórí mẹ́ta, dírágónì, ejò abìyẹ́, dírágónì, dírágónì. Kò sí iná kan.

Alhaja tẹ́ iná kan, ó gbé eku kan lé e. Eku bu Tìmẹ́hìn jẹ, ẹ̀mí kan lọ. Ó tẹ́ iná kejì, alángbá jáde. Eku bù ú jẹ, alángbá là á nírù. Tìmẹ́hìn mú káàdì tuntun: dírágónì. Ó mú òmíràn: dírágónì. Ó gbà wọ́n mọ́ àyà bí ẹni tó ní ilé mẹ́wàá tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kan.

"Kí ló dé tí wọn ò jà?" Ìbídùnní bèèrè.

"Wọ́n ń ronú," Tìmẹ́hìn ní.

"Wọn ò níná ni," Láwàlì ní. "Ṣé kí n ta gílóòbù fún wọn?"

Ṣọ́ọ̀bù ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Nígbà tí Tìmẹ́hìn máa fi rí iná àkọ́kọ́ rẹ̀, eku mẹ́rin àti alángbá mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀kan nínú àwọn eku náà. Àbàwọ́n tíì wà ní igun rẹ̀.

"Alhaja... eku yìí... èmi ni mo da tíì sí i lára!"

"Òun náà ni," Alhaja ní. "Ó kí ọ." Ó sì fi í gba ẹ̀mí tó gbẹ̀yìn.

 Alhaja ń kó káàdì rẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tìmẹ́hìn ọmọ mi, àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní dírágónì bí àgbà, kò lè níná bí àgbà."

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ẹnu Tìmẹ́hìn ló ti kẹ̀kẹ́ omi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ó so aṣọ ìnuwọ́ mọ́rí kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ó sì tì í láti òpópónà dé òpópónà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan pè é láti ẹnu géètì: "Mai ruwa! Zo nan!" Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì wọlé, ó da omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó yíjú padà. Ìbídùnní ni.

"Ẹ ṣé gan-an," ó ní. "Dúrọ́ọ̀mù kan tún wà lẹ́yìn ilé."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò gbúròó Tìmẹ́hìn ní ṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù wọlé. Zainudeen wá gba ìwé tó máa mú lọ Kano, Tìmẹ́hìn ní kò sí nǹkan kan tí òun fẹ́ rà. Èmi rò pé eré ti tán nìyẹn. Àfi bó ṣe fà mí lápá pé kí n sin òun dé ọ̀dọ̀ Alhaja.

Ó kúnlẹ̀. Ọmọ Ìkìrun tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀! Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti eku.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn káàdì kékeré tí mo tà fún yín yẹn... mo fẹ́ rà wọ́n padà."

"To." Alhaja fi obì kan sẹ́nu. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Alhaja! Náírà mẹ́wàá ni mo tà á fún yín!"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, eku lásán ni. Eku tó ti na Tìmẹ́hìn ni báyìí."

Tìmẹ́hìn wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta oṣù náà. Ó ra mẹ́fà, dírágónì mẹ́fà sì jáde nínú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó tún ra mẹ́fà.