Àmì Ìsàlẹ̀ Méjì

Ọjọ́ tí mo ti gbàgbé láyé mi pọ̀, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó mi, tí ọkọ mi máa ń rán mi létí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí ilé Ọ̀gá Akọ̀wé ní Ẹgbẹ́dá, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la ó jọ wọ sàréè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Màmá mi ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó wá ku èmi àti bàbá mi nínú yàrá kan ní Ìkòtún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ pẹ́ńtà ló ń ṣe: ó ń kun ilé, ó sì ń kọ orúkọ sára ògiri, sára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú nígbà náà, ilé ń hù láàárín oko ẹ̀gẹ́ bí olú, kò sì sí ẹni tó kọ́lé tí kò fẹ́ kí ilé òun lórúkọ. Iṣẹ́ wà bí ilẹ̀ bí ẹní. Ojú tí bàbá mi yóò fi ṣe é ni kò sí mọ́.

Ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìlà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni yóò gbé ilé tuntun fún afọ́jú kun? Èmi náà kò sì gbọdọ̀ sọ. Èmi ni mò ń kọ gbogbo lẹ́tà. N ó gun àkàbà, bàbá á dúró nílẹ̀, á máa pariwo bí ọ̀gá: "Fà á kó gún! Má jẹ́ kó wọ́!" Bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀, n ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n ó sọ̀ kalẹ̀ kíá, bàbá á gòkè, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun afẹ́fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la lò nílé Ọ̀gá Akọ̀wé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n san owó oṣù tó ti há fún wọn, ó sì fi kọ́lé. Mo wúkọ́ lọ́sẹ̀ náà débi pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo ikọ́ fún mi láràárọ̀. Àgbo náà korò bí jogbo. Mò ń mu ún, mo sì ń dúpẹ́.

Orúkọ tí Ọ̀gá Akọ̀wé fẹ́ lókè ilẹ̀kùn ni ILÉ ỌPẸ́, kí ó pupa lórí ògiri funfun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo kọ lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Àmì ìsàlẹ̀ Ọ àti Ẹ nìkan ló kù, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí bàbá kì í jẹ́ kí n ṣe. "Ẹ̀mí ọ̀rọ̀ nìyẹn," ló máa ń wí. "Fi sílẹ̀ fún mi jàre." Ọgbọ́n tí a dá ni pé kí n gbé àkàbà sábẹ́ ỌPẸ́, kí òpó òsì wà lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ti ọ̀tún wà lábẹ́ lẹ́tà ìkẹyìn. Òun á gùn ún, á fọwọ́ tẹ̀ lé òpó méjèèjì, á sì fi ọ̀dà sàmì sókè wọn. Kì í tàsé.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà ti ṣàn díẹ̀ lára L inú ILÉ. Mo sún àkàbà síbẹ̀, mo nù ún, mo sì lọ fi kẹrosíìnì fọwọ́ nídìí kànga ẹ̀gbẹ́ ilé. Bàbá pè mí.

"Ìyá mi, ṣé abẹ́ ỌPẸ́ ni àkàbà wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mi ò gbójú sókè.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá ti fi àmì sí i tán, Ọ̀gá Akọ̀wé sì ti fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun bo ògiri, nítorí katakata ń la ọ̀nà lọ́wọ́, eruku sì gba gbogbo àdúgbò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí àlùfáà yóò fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ gáùn màmá mi, mo fi píìnì mẹ́rin fún un níbàdí. Àlùfáà gbàdúrà gígùn, ó fa ṣíìtì, gbogbo èèyàn gbójú sókè. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ilẹ̀..." Àlùfáà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ilẹ̀ òpè?"

Àmì méjèèjì ti bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan lábẹ́ I, ọ̀kan lábẹ́ E. Ilé ọpẹ́ ti di ilẹ̀ òpè.

"Èmi ò rí I tó lámì nísàlẹ̀ rí o," tíṣà kan sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi.

Bàbá mi rò pé ẹwà iṣẹ́ náà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà, ó tẹríba. "Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ọwọ́ wa náà nìyẹn." Ẹ̀rín bú jáde. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi náà wà lára àwọn òpè ọ̀hún?" ìyàwó bi ọkọ rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, dákẹ́! Baba, ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ sókè."

Bàbá mi kọjú sí ògiri ilé kejì, tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí, ó fi ohùn ńlá kà á: "Ilé Ọpẹ́!" Àwọn ọmọdé ti ń fi ṣeré: "Ilẹ̀ òpè! Ilẹ̀ òpè!"

"Ẹ gòkè báyìí, kí ẹ tún un ṣe!" Ọ̀gá Akọ̀wé ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Bàbá nawọ́ wá àkàbà. Ẹ̀wù àlùfáà lọwọ́ rẹ̀ bà. Ó dì í mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè láti gùn ún.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" Ohùn mi ni mo gbọ́. "Bàbá mi ò ríran!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gun àkàbà, mo fi èékánná ha àmì burúkú méjì náà kúrò, mo sì fi tuntun síbi tó yẹ. Píìnì kan ṣí, ó gún mi níbàdí, mo ta gìrì, mo sì da agolo ọ̀dà pupa sórí ṣíìtì funfun. Ìyàwó onílé ò tilẹ̀ wo ṣíìtì rẹ̀. Èmi ló ń wò.

"Ìdí ikọ́ nìyẹn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bí a ṣe ń rìn lọ sí Ìkòtún, bàbá gbé ọwọ́ lé èjìká mi ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rò pé mo wọ̀n ọ́n dáadáa ni. Ṣé ojú mi ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ojú rẹ̀ kọ́ ló ṣìnà. Àkàbà mi ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni mo wí.

Kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀gá Akọ̀wé ló wá ń júwe mi fún àwọn onílé mìíràn. Ògiri ni mo kun tí mo fi parí ilé ìwé gíga lálẹ́, láti orí ògiri ni mo sì ti dé orí kánfáàsì, títí àwọn èèyàn fi ń gbé àwòrán mi kọ́ sí pálọ̀. Bàbá máa ń fọwọ́ pa wọ́n, á ní kí n júwe wọn fún òun. Mo júwe gbogbo nǹkan fún un. Mi ò júwe àkàbà yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn: kí èèyàn tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ́kọ́ gbójú sókè. Nísàlẹ̀ gbogbo àwòrán mi, mo máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì méjì síbi tí kò sí lẹ́tà kankan. Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ mi, ọ̀mọ̀wé kan ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé ìbí ni ọ̀kan, ikú ni èkejì. Ó yíjú sí mi. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí, ilẹ̀ ni mo sì ń wò. Ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, irú èyí tí bàbá mi rín lọ́jọ́ náà.