Ta Ló Ni Fíìmù Àtijọ́ Yìí?

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Èmi ni mo ń bójú tó ètò àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Berea, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé, nígbà náà. Mo ní ká fi fíìmù Yorùbá àtijọ́ kan tí mo wò lọ́mọdé hàn wọ́n. Pásítọ̀ bi mí bóyá a lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo ní fíìmù náà ti gbó, ẹni tó ṣe é sì ti kú tipẹ́. Ta ló sọ fún mi pé ó kú? Kò sẹ́nì kankan. Ó kàn dà bí ẹni tó yẹ kó ti kú ni.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Tómi, agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa, pè mí. Ó ní ikú olóhun kì í sọ fíìmù di ti gbogbo ayé. Àádọ́ta ọdún ni òfin ibí ń kà láti ìgbà tí fíìmù bá ti jáde kó tó di ti gbogbo ayé. Mo sáré tan fíìmù náà lórí fóònù, mo rí ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fi ìka ṣírò rẹ̀: ó lé ní àádọ́ta. Mo dúpẹ́, mo sùn.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn wá, àwọn mìíràn wọ táksì láti àdúgbò Bruma. Bí mo ṣe ń dán ẹ̀rọ wò, tí àwòrán náà tóbi lára ògiri, ni mo wá rí i pé ara ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn àwọn òṣèré ni wọ́n kọ ọdún yẹn sí. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń kà! Ìyá Tómi sì jókòó síwájú, ó ń wò mí.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ronú dáadáa. Mo gbé makirofóònù, mo ní ká dìde, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti bọ̀wọ̀ fún olóògbé tó ṣe fíìmù náà. Bóyá mo rò pé òkú á foríjì mí.

Nígbà tí a jókòó, bàbá arúgbó kan ṣì wà lórí ìdúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, dókítà kan tó ń gbé ní Fourways, ló mú un wá; bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé láti wá kí i. Mo rọra ní kí bàbá jókòó.

"Ẹ ní ká dìde, mo dìde," bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe fíìmù yìí. Ìgbà wo ni mo kú?"

Mo wo ilẹ̀ bóyá á lanu gbé mi mì, kò lanu. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà, ẹ̀rọ náà ṣubú, ògiri ṣókùnkùn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní fíìmù náà kò tíì ju ogójì ọdún lọ, òun ló ṣì ni ín, kò sì sẹ́ni tó bi òun. Ìyá Tómi kọ ìwé ìyọ̀ǹda fún ọjọ́ yẹn nìkan. Kí bàbá tó fọwọ́ sí i, ó ní kí n kọ́kọ́ gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún òun níwájú gbogbo ìjọ. Àdúrà mi gùn ju ìwàásù lọ. Bàbá fọwọ́ sí i, a gbé ẹ̀rọ náà dìde, a sì wo fíìmù náà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ lo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń wá olóhun kàn kí n tó ka ọdún. Ìyàwó mi ò sì yéé bi mí, bí a bá fẹ́ lọ kí ènìyàn, bóyá ó dá mi lójú pé onítọ̀hún ṣì wà láàyè. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í dénú.